Ẹni Tó Ni Ilé Ló Ń Ta Ilé

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n bí mi sí, ènìyàn kò lè rìn jìnnà kó tó rí ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ilé ẹbí tiwa náà ní i lára, ní ọwọ́ ọ̀tún ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ fèrèsé yàrá tí ìyá bàbá mi lò títí ó fi jáde láyé. Ọmọ Èkó kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ilé náà jẹ́ ti ẹbí, bí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ bàbá bá sì kó oníbàárà wá lẹ́yìn àwọn yòókù, kí oníbàárà náà mọ̀ pé inú omi ni owó òun ń lọ. Bàbá mi, tí ó ti wà nídìí ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun, sọ ohun kan fún mi nígbà èwe mi tí n kò gbàgbé. Ó ní, "Ẹni tó bá wá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ ti gbà pé ìwọ lo ni ín. Ìgbà tó bá rà á tán lo máa tó mọ̀ bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀ dénú."

Ọ̀rọ̀ yìí ló padà sí mi lọ́kàn nígbà tí mo jókòó ka ìwé àdéhùn tí Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861. Ilé wa kò jìnnà sí Ìga Ìdúngánrán, ààfin ọba Èkó, mo sì ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn àgbà láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí kíkà. Ìwé náà kò gùn. Ó sọ pé Dòsùnmú, pẹ̀lú ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ rẹ̀, fi èbúté àti erékùṣù Èkó fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn àrólé rẹ̀ títí láé. Nígbà tí ojú mi dé ìsàlẹ̀, níbi tí ó yẹ kí ìfọwọ́síwèé ọba wà, àmì X ni mo bá níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí ẹlòmíràn bá a kọ. Ẹni náà kò tilẹ̀ kọ orúkọ náà bí a ti ń pè é. "Docemo" ni ó kọ.

Ọkọ̀ ogun Prometheus ló wà lórí ọ̀sà nígbà náà. William McCoskry, tí ó ń ṣe adelé fún kọ́ńsọ́ọ̀lù, ìyẹn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, àti Bedingfield tí ó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ náà, ni wọ́n pe ọba wá sínú ọkọ̀ tí wọ́n sì sọ ohun tí ìjọba wọn fẹ́ fún un. Àwọn ará ìlú kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí ìbọn ọkọ̀ ogun lè ṣe. Ọdún mẹ́wàá péré ni ó ti kọjá lẹ́yìn ogun tí àwọn àgbà ń pè ní Àgídìǹgbì, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó ní ìparí ọdún 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde tí wọ́n sì dá Ọba Akíntóyè padà sórí ìtẹ́. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, Akíntóyè àti Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé pé òwò ẹrú dópin ní Èkó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé ti 1852 yẹn sọ́kàn, nítorí ó ṣe pàtàkì sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ohun tí ó dá mi dúró nínú ìwé ti 1861 ni abala kejì. Ó sọ pé a ó gba Dòsùnmú láyè láti máa jẹ́ orúkọ ọba, ṣùgbọ́n ní ìtumọ̀ tí àwọn ará Áfíríkà máa ń fún orúkọ náà, àti pé ó lè máa parí aáwọ̀ láàárín àwọn ọmọ ìlú bí àwọn méjèèjì bá gbà, kí wọ́n sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí òfin Gẹ̀ẹ́sì. Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Nínú abala kìíní, ọba ni Dòsùnmú ní ìtumọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, nítorí bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní ohun kan tí ó lè fún Ọbabìnrin. Nínú abala kejì, ó ti di ọba ní ìtumọ̀ ti Áfíríkà. Láàárín abala kan àti èkejì, lórí ojú ewé kan náà, wọ́n fún un ní àṣẹ kí ó lè gbé e sílẹ̀. Oníbàárà ti gbà pé onílé ni í, ó sì ti rà á tán.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá orírun irú àṣẹ yìí, àṣẹ tí wọ́n sọ pé kò sí àṣẹ mìíràn lókè rẹ̀, tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń pè ní tirẹ̀ lónìí. Ohun tí mo rí ni pé ní Yúróòpù fúnra rẹ̀, nǹkan tuntun ni. Ẹni tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1400 lè máa san owó òde fún ìjòyè kan, kí bíṣọ́ọ̀bù máa dá ẹjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kí ó máa pe Késárì, ọba àwọn ọba ilẹ̀ náà, ní olúwa rẹ̀, kí Póòpù ní Róòmù sì tún ní ọ̀rọ̀ lórí Késárì. Àṣẹ ń gorí àṣẹ bí aṣọ ṣe ń gorí aṣọ, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ó burú. Ará Èkó ayé àtijọ́ kì bá tí rí ohun àjèjì nínú rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ ni Èkó fi san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọba Ìbíní, síbẹ̀ ọba Èkó jọba ní Èkó, ilẹ̀ tí ọba ń jọba lé lórí sì jẹ́ ti àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn ìjòyè onífìlà funfun.

Ogun ẹ̀sìn ló kọ́kọ́ fa aṣọ náà ya ní Yúróòpù. Ní ọdún 1555, ní Augsburg, wọ́n gbà pé ìjòyè kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Jámánì ni yóò yan ẹ̀sìn ilẹ̀ rẹ̀, yálà ti Póòpù tàbí ti Luther tí ó yapa kúrò lọ́dọ̀ Póòpù. Ní ọdún 1576, nígbà tí irú ogun bẹ́ẹ̀ ń jó ilẹ̀ Faransé, amòfin kan tí ń jẹ́ Jean Bodin kọ ọ́ sínú ìwé pé kò lè sí àlàáfíà níbi tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ bá ti di ọ̀pá àṣẹ kan náà mú, àti pé nínú ìlú kọ̀ọ̀kan, àṣẹ kan gbọ́dọ̀ wà tí kò ní òpin, tí kò sì ní ọ̀gá. Ogun mìíràn tí ó gba ọgbọ̀n ọdún tún jà láti 1618. Nígbà tí ó rẹ gbogbo wọn, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn ní ìlú Münster àti Osnabrück ní ọdún 1648, èyí tí a mọ̀ sí àdéhùn Westphalia.

Wọ́n kọ́ wa bí ẹni pé òru ọjọ́ kan ní 1648 ni ayé sùn tí ó sì jí ní orílẹ̀-èdè olómìnira. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ọba tí Késárì jẹ́ olórí rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ títí di ọdún 1806, ọ̀rọ̀ tí ó sì pọ̀ jù nínú àdéhùn náà jẹ́ nípa ṣọ́ọ̀ṣì, dúkìá àti ilẹ̀ ta ni yóò padà sọ́wọ́ ta ni. Ohun tí ó yí ayé padà lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì lẹ́wà. Owó ogun ni. Ìbọn ńlá àti ọmọ ogun tí ń gba owó oṣù wọ́n ju ohun tí àpò ọba kan lè gbé, ọba sì ní láti máa gba owó orí lọ́dọọdún. Kí ó tó lè gba owó orí, ó ní láti ní akọ̀wé. Akọ̀wé sì gbọ́dọ̀ mọ ilé tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ àti ilé tí kò sí nínú rẹ̀. Mo rò pé inú ìwé akọ̀wé ni ààlà ti jáde wá, kí ó tó di ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ dáàbò bò.

Lẹ́yìn èyí, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti wà nídìí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í pinnu ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n. Àpẹẹrẹ tí ó dùn mí jù ni ti Háítì. Àwọn ẹrú ibẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti apá ilẹ̀ tiwa lọ, ṣẹ́gun ọmọ ogun Napoleon, olórí Faransé, wọ́n sì kéde òmìnira ní ọjọ́ kìíní ọdún 1804. Wọ́n ní ilẹ̀, wọ́n ní ènìyàn, wọ́n ní ìjọba, wọ́n sì ní ọmọ ogun tí ó ti fi ara rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ọdún 1825 ni Faransé tó gbà pé orílẹ̀-èdè ni wọ́n, ìyẹn lẹ́yìn tí ó kó ọkọ̀ ogun wá sí etíkun wọn, tí ó sì bu mílíọ̀nù 150 owó fránkì lé wọn lórí láti fi tu àwọn tí ó ti ń fi wọ́n ṣe ẹrú nínú. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kò gbà wọ́n títí di ọdún 1862, èyí tí í ṣe ọdún kejì lẹ́yìn tí ọba wa tẹ X sínú ìwé. Ní ọ̀dọ̀ kan, Háítì ń san owó kí wọ́n lè pè é ní orílẹ̀-èdè. Ní ọ̀dọ̀ kejì, Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọba Èkó ní ọba kí wọ́n lè gba ilẹ̀ rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn baba wa kò mọ ohun tí ń jẹ́ ètò láàárín ìlú sí ìlú. A ní tiwa. Bodè ni a ń pe ibi tí ilẹ̀ ìlú kan ti bẹ̀rẹ̀, ẹnubodè sì ni, kì í ṣe okùn tí a fà la igbó kọjá. Oníbodè jókòó síbẹ̀, ó ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò, ó sì ń wo ojú àlejò. Láàárín bodè ìlú kan àti ti èkejì, igbó ọdẹ ni, ẹnikẹ́ni kò sì bínú pé kò ní olúwa kan pàtó. Ọba ń ránṣẹ́ sí ọba pẹ̀lú àrokò: bí owó ẹyọ mẹ́fà bá dé ọwọ́ rẹ, o mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà sí ọ. Nígbà tí ogun Kírìjì sì ti fẹ́ jẹ Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ tán, àwọn ọba àti balógun tọwọ́ bọ àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886, nínú èyí tí Ìbàdàn ti gbà pé àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ yóò máa dá dúró. Bí èyí kì í bá ṣe ìbálò orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, n kò mọ orúkọ tí ó ń jẹ́.

Ọdún kan ṣáájú àdéhùn yẹn ni ìpàdé Berlin parí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1884, ó sì parí ní oṣù Kejì ọdún 1885. Ìjọba 14 ló rán aṣojú lọ, kò sí ọba Áfíríkà kan níbẹ̀. Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Parisi, wọ́n sì fa ìlà láti etí òkun lọ sí àríwá láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́, èyí tí ìwé ń pè ní Porto-Novo. Kétu àti Ṣábẹ, tí ìtàn wọn ti Ilé-Ifẹ̀ wá bí ti Ọ̀yọ́, bọ́ sí ọwọ́ Faransé.

Ìlà yẹn gba inú ẹbí wa kọjá. Bàbá bàbá bàbá mi a máa fi ọkọ̀ ọ̀pọ́n ṣòwò lórí ọ̀sà láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì títí dé Àjàṣẹ́, ó sì ní ìyàwó ní ìparí ọ̀nà méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí a ń pè ní Ìyá Àjàṣẹ́ ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí ó ń bọ̀ wá síbi òkú ìyá bàbá mi, mo lọ pàdé rẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀, ẹnubodè Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin. Òṣìṣẹ́ kan dúró tì í, ó ń ṣí ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì béèrè ìdí tí ó fi fẹ́ wọ Nàìjíríà. Ìyá Àjàṣẹ́ tún gèlè rẹ̀ wé, ó wo ọkùnrin náà, ó ní, "Ọmọ mi, ilé bàbá mi ni mò ń lọ." Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí ẹ má bínú, Mà, ó gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan sínú ìwé. Ó kọ "àbẹ̀wò". Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ìwé títí dòní pé ìyá náà ṣe àbẹ̀wò sí ilé bàbá rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa gbìyànjú láti jókòó sídìí tábìlì náà bí àwọn tí ó wà níbẹ̀ ṣe ń jókòó. Ẹ̀gbá dá ìjọba onígbìmọ̀ sílẹ̀ ní 1865, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ George William Johnson, ọmọ Sàró kan, wọ́n sì ń gba owó ibodè ní ìlànà tuntun. Ní 1893, Carter, Gómìnà tí Gẹ̀ẹ́sì fi sí Èkó, tọwọ́ bọ àdéhùn tí ó gbà pé Ẹ̀gbá dá dúró. Wọ́n ní akọ̀wé, wọ́n ní ilé ẹjọ́, wọ́n ní ètò owó. Ní 1914, lẹ́yìn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn pa àwọn ènìyàn ní Ìjẹ́mọ̀ ní Abẹ́òkúta, Gẹ̀ẹ́sì fagi lé e. Ìwé ni ó fi òmìnira náà múlẹ̀, ìwé mìíràn ni ó sì mú un kúrò.

Síbẹ̀ kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwé máa ń bá wa jà nìkan. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá tí wọ́n sì sọ pé Ọba Dòsùnmú ti fún Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo rẹ̀ ní 1861, Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, kọ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, tí adájọ́ Haldane ka ìdájọ́ wọn, sọ pé àṣẹ ìjọba ló kọjá sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, pé kò sí ohun tí ó fi hàn pé àdéhùn náà gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ìdílé tí ó ni í, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ tòótọ́. Nígbà tí mo ka ìdájọ́ yìí, mo dìde lórí àga. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tí X yẹn wọ ìwé ni ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó sọ ohun tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ti mọ̀ láti ilẹ̀, pé ẹnì kan kì í dá nìkan ta ilé ẹbí.

Ní ọdún 1933, àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàdé ní Montevideo, wọ́n sì kọ ohun mẹ́rin tí ó gbọ́dọ̀ wà kí a tó lè pe ibì kan ní orílẹ̀-èdè: àwọn ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀, ilẹ̀ tí a mọ̀, ìjọba, àti agbára láti bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní àjọṣe. Mo fi ohun mẹ́rin yìí wọn Èkó ti ọdún 1861. Ènìyàn wà. Erékùṣù ni, omi ló sì yí i ká, nítorí náà ilẹ̀ rẹ̀ ṣe kedere ju ti ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù lọ. Ìjọba wà ní Ìga. Ní ti àjọṣe, ìwé ti 1852 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìyá bàbá mi wà ní Race Course ní alẹ́ tí ó mọ́jú ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960, níbi tí a ń pè ní Tafawa Balewa Square báyìí. Ó ní wọ́n pa iná ní ọ̀gànjọ́, òkùnkùn sì bo gbogbo ilẹ̀ tí òun kò rí ẹni tí ó di òun lọ́wọ́ mú. Nígbà tí iná padà tàn, àsíá Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò, aláwọ̀ ewé àti funfun ló wà lókè. Ó máa ń sunkún níbi tó bá dé ìyẹn, kódà nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ kọkàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àjọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè 51 ní 1945 tí ó sì ti di 193 lónìí. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà 17 ló gba òmìnira ní ọdún 1960 nìkan. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wo omijé ìyá yẹn.

Ṣùgbọ́n a jókòó sídìí tábìlì náà pẹ̀lú gbogbo ohun tí a bá lórí rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1964, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Kairo, wọ́n sì pinnu pé ààlà tí amúnisìn fi sílẹ̀ ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò máa bọ̀wọ̀ fún. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Bí ẹnì kan bá fa òkúta kan yọ nínú ògiri yẹn, ta ni yóò mọ ibi tí yóò dúró sí? Wọ́n sá fún ogun, wọ́n sì gba Ìyá Àjàṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àlejò.

Ẹjọ́ Bakassi, ilẹ̀ etí òkun láàárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ni ó fi hàn mí pé ìwé 1861 kò tíì kú. Ní 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Calabar tọwọ́ bọ àdéhùn pé kí Gẹ̀ẹ́sì máa dáàbò bò wọ́n. Ní 1913, Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé mìíràn gbé Bakassi fún Jámánì, tí ó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù nígbà náà. Nàìjíríà dúró níwájú ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague, ó ní aláàbò kò lè fi ilẹ̀ ẹni tí ó ń dáàbò bò tọrẹ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2002, ilé ẹjọ́ náà dá Kamẹrúùnù láre. Lójú wọn, àdéhùn 1884 kì í ṣe èyí tí ó sọ Calabar di orílẹ̀-èdè tí ó lè dá Gẹ̀ẹ́sì dúró. Ní 2008, Nàìjíríà parí gbígbé ibẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọba náà tó láti ṣí ilẹ̀kùn fún Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ kí wọ́n tì í, wọ́n sọ pé wọn kò ní ọwọ́.

Ọ̀dà ara ilé wa ti ń pa rẹ́ nítorí òjò, a sì pe oníṣẹ́ ọ̀dà wá kí ó tún un kọ lọ́sẹ̀ tí a parí ìnáwó ìyá bàbá mi. Bàbá mi gbé àga síta, Ìyá Àjàṣẹ́ jókòó tì í, àwọn méjèèjì ń wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà bí ó ṣe ń fi rúlà àti ẹfun fa ìlà tí lẹ́tà yóò jókòó lé. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, ó yíjú padà.

"Bàbá, orúkọ ta ni kí n fi sí i? Ṣé tiyín?"

"Rárá o," ni bàbá mi wí. "Ẹbí ni kí o kọ."

Ìyá Àjàṣẹ́ na ìka sí ògiri náà. Ó ní, "Kọ ọ́ kó tóbi. Mo wà nínú rẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi àkísà nu èyí tí ó ti kọ́kọ́ fà, ó sì tún ìlà náà fà kí ó fẹ̀ sí i.